Òbúkọ Fẹ̀yìn Tì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn kó dún. Mi ò jẹun tán kí n tún wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ògiri gan-an la fẹ́ sọ lónìí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó lọ fara ti ògiri kan létí odò. Òbúkọ ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìyá arúgbó, àti Lékèélékèé akọ̀wé.

Ní ìlú àwọn ẹranko, odò ńlá kan wà tó ń jẹ́ Ayílà. Ìdajì ìlú wà níhìn-ín, ìdajì wà lọ́hùn-ún, kò sì sí afárá. Ọ̀nì ló ń fi ẹ̀yìn gbé èrò kọjá. Ṣírí àgbàdo mẹ́wàá ló ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí Ọ̀nì ń fi àgbàdo ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ló ń tà á.

Lọ́jọ́ kan, Ọba Erin gbé òfin tuntun jáde. Ó ní òun wo àwọn àgbà tó sin ìlú títí agbára fi tán nínú wọn, àánú wọn sì ṣe òun. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ̀yìn tì, ìdajì ni yóò máa san lórí odò, ṣírí márùn-ún péré. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Ọ̀nì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní ọwọ́ òun kúrú.

Wọ́n mọ ilé alámọ̀ kékeré kan sétí odò, wọ́n fi Lékèélékèé síbẹ̀ pé kó máa yẹ àwọn afẹ̀yìntì wò. Ẹ̀yin náà mọ Lékèélékèé. Aṣọ funfun láàárọ̀, aṣọ funfun nírọ̀lẹ́. Ọrùn gígùn. Bó bá wo èèyàn, á dà bíi pé èèyàn ti tẹ nǹkan wọlé.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá yìí fi ru ẹrù ìlú. Ó ru iyọ̀, ó ru iṣu, ó ru igi ilé. Ìtẹ́ tí Ọba Erin fi ìdí ńlá rẹ̀ lé, ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gbé e wọ̀lú. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n sì fún un ní ewé ẹ̀rí. Ewé ni ìwé nílùú wọn. Ewé gbòdògì tútù yọ̀yọ̀ ni, wọ́n fi èékánná kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ẹ̀wà, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó jí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ilé ọkọ ọmọ náà sì wà lódìkejì odò. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀, akọ. Lọ́jọ́ kẹta tó bímọ ni Ẹyẹlé mú ìròyìn dé. Ó ní ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ. Ó ní àwọn àna sọ pé bí ìyá àgbà ò bá dé kí wọ́n tó fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu, àwọn á sọ ọmọ náà ní Arẹrù, nítorí iṣẹ́ ìran ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbọ́. Òun ti ru ẹrù fún ọgbọ̀n ọdún. Kò fẹ́ kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ máa ru tirẹ̀ láti orí orúkọ. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ já àgbàdo. Ó wá orí ebè, ó wá ìdí ebè. Ṣírí márùn-ún ló rí. Kò lé kan.

Ló bá gbé e, ó di ọ̀dọ̀ akọ̀wé.

“Màmá, ẹ kú ọ̀sán,” ni Lékèélékèé wí. “Ewé ẹ̀rí yín dà?”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wolẹ̀. “Mo jẹ ẹ́.”

“Ẹ ṣe é báwo?”

“Ọdún tí ìyàn mú ni, ọmọ mi. Mo fi pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń wò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo jẹ ẹ́. Kò tiẹ̀ dùn.”

Lékèélékèé ní àánú ṣe òun o, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìyá yìí gan-an ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó sin ìlú? Ó lè jẹ́ pé ti òótọ́ ti kú. Ó ní kó lọ mú ẹ̀rí wá pé ó ṣì wà láàyè.

“Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́?”

“Ẹ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, Màmá, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín kí inú tó bí yín tán. Lékèélékèé yìí, nígbà tó rù hangogo, tí kò tíì di akọ̀wé, orí ẹ̀yìn ìyá yìí ló ń gùn kiri fún odidi ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa eégbọn jẹ yó. Nígbà yẹn, kò béèrè ewé.

Ibi tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń yí padà lọ sílé ló ti rí Òbúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Òbúkọ ò tíì pé ọdún mẹ́ta láyé, irùngbọ̀n ti dé àyà rẹ̀. Irùngbọ̀n yìí ló ń fi gba ìjókòó láàárín àwọn àgbà. Iṣẹ́ kan ò pa á pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ti gbọ́ pé oko ẹ̀wà ńlá kan wà lódìkejì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń yún un láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ṣírí mẹ́wàá yẹn ń dùn ún.

Ó ní, “Ìyá, ẹ kú ìnáwó ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì yìí?”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò mọ̀ pé ó ń wá nǹkan. Ó dá a lóhùn bí àgbà ṣe ń dá ọmọdé lóhùn, ó ní, “Wàá ṣiṣẹ́, wàá ṣiṣẹ́, títí ẹ̀yìn rẹ á fi ní òun ò lè gbé e mọ́. Ìgbà yẹn lo máa wá fẹ̀yìn tì.”

Etí Òbúkọ gùn, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló wọ̀ ọ́. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ògiri ilé akọ̀wé rèé, rírọ̀, pupa, tuntun. Ló bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, ó gbé ẹ̀yìn lé ògiri, ó di ojú. Ó wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wá, ó tún gbé e lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ̀yin, “Fẹ̀yìn tì” ni kẹ́ ẹ máa gbè é. Ìwọ Ìbídùn, gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ẹnu la fẹ́ lò.

Ẹ wo ẹ̀yìn mi, ẹ̀yin ará odò,
*Fẹ̀yìn tì.*
Mo gbé e tì, ó sì tì,
*Fẹ̀yìn tì.*
Iṣẹ́ ń pè mí, mi ò gbọ́,
*Fẹ̀yìn tì.*
Ẹ̀wà ń pè mí, mo ti dé,
*Fẹ̀yìn tì, gbàgìdì, fẹ̀yìn tì.*

Nígbà tó kọrin tán, ó wọlé tọ akọ̀wé lọ. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Lékèélékèé béèrè ẹ̀rí. Òbúkọ kọ ẹ̀yìn sí i. Erùpẹ̀ pupa ògiri bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù.

“Ẹ wo ẹ̀yìn mi, ẹ wo ògiri,” ni Òbúkọ wí. “Kí ni Kábíyèsí wí? Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì. Ṣé èmi ò fẹ̀yìn tì ni?”

Lékèélékèé yẹ òfin wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Lóòótọ́, Ọba ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo irùngbọ̀n náà. Ó wo erùpẹ̀. Erùpẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n lè rí, tí wọ́n sì lè kọ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti padà wá sábẹ́ igi kan létí odò, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ó rí i bí Òbúkọ ṣe ka ṣírí márùn-ún, tó gun Ọ̀nì, tó sì ń fi irùngbọ̀n kí èrò bí olóyè. Ọjọ́ kẹrin tí ọmọ rẹ̀ bímọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Òbúkọ padà dé. Ikùn rẹ̀ le gbandi, ẹ̀wà sì kù létè rẹ̀. Ẹni tó bá rí i ní etí odò ló ń sọ fún. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹfà ò tíì mọ́ tán tí ìlú ti kún ibẹ̀. Ìmàdò dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, Àgbò dé, àwọn tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wá láti fẹ̀yìn tì. Ká tó ṣẹ́jú, Òbúkọ ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ògiri. Ó ń pín àyè. Ó ní òun ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti ògiri yìí, ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ jẹ́ kó san ṣírí kan. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ojú, bí wọ́n ṣe ń mí bí ẹni tó ti rẹ̀. Àgbò ní ẹ̀kọ́ náà ṣòro. Ó padà gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó rí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lábẹ́ igi, ó pè é.

“Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wá. Nítorí ọjọ́ orí yín, ṣírí kan ni màá gbà lọ́wọ́ yín.”

“Ṣírí kan náà lo ń gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn.”

“Ìyá, àwọn yẹn ni mo fowó lé tiwọn.”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo ṣírí márùn-ún ọwọ́ rẹ̀. Bó bá yọ kan, mẹ́rin ló kù, kò sì ní lè kọjá. Ṣùgbọ́n ó ku ọjọ́ méjì. Ojú tì í, ẹ má jẹ́ ká purọ́, ojú tì í gan-an. Ó dúró títí Òbúkọ fi kọjú síbòmíràn, ó wá yọ́ lọ síkángun ògiri, ó fẹ̀yìn tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ṣiṣẹ́, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fara kan nǹkan tí kò ní láti gbé.

Ó wọlé. Lékèélékèé fi ọrùn gígùn wò ó yíká. Ó mi orí.

“Màmá, erùpẹ̀ wà léjìká yín, erùpẹ̀ wà nídìí yín. Àárín ẹ̀yìn yín mọ́ tónítóní. Kò bá òfin mu.”

Ẹ ti rí i. Àárín ẹ̀yìn náà ti jìn bí ọpọ́n ayò. Ibi tí iyọ̀ jókòó sí fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, ibi tí ìtẹ́ ọba jókòó sí. Kò lè kan ògiri mọ́. Gbogbo ọ̀lẹ ìlú ló ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó fẹ̀yìn tì lóòótọ́ ni wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ò tì.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ padà síbi igi. Kò sunkún. Ó jókòó, ó ń gbìyànjú láti máa pe Arẹrù lẹ́nu jẹ́jẹ́, bóyá orúkọ náà á dẹ̀. Kò dẹ̀.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò sùn. Ó dáa.

Ọjọ́ keje pé. Èrò tó wà lára ògiri lọ́jọ́ náà, ẹ ò lè kà á. Òbúkọ wà láàárín, ó gbé orin rẹ̀ dìde, àwọn yòókù ń gbè é. Ìmàdò ń fi ara nu ún, Àgbò ń ti ìdí sí i kó lè lẹ̀ dáadáa. Orin dùn débi “gbàgìdì.” Ibẹ̀ gan-an ni ògiri náà gbà á lẹ́nu wọn. Gbàgìdì! Ògiri wó wọlé, òrùlé tẹ̀lé e, àwọn afẹ̀yìntì ṣubú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn ń tọ́ka sí ojú sánmà.

Lékèélékèé ti fò jáde kí àjà tó kan orí rẹ̀. Aṣọ funfun ti di pupa. Eruku dí i lójú, kò rí ilẹ̀, kò rí omi, ó kàn ń wá ibi tó máa bà sí. Ó bà sórí nǹkan kan lábẹ́ igi. Ibẹ̀ jìn díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ ibẹ̀ bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó ti ń wọ̀ láti kékeré.

Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó tún un gbé lé e. Ó gbé ọ̀tún. Ojú rẹ̀ ò tíì là, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

“Màmá,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò ga mọ́. “Ẹ̀yin ni.”

“Èmi ni, ọmọ mi. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọ láti ọjọ́ kẹta.”

Ọba Erin dé, ilẹ̀ ń mì. Ọ̀nì ti lọ fẹjọ́ sùn, ó ní ọjọ́ mẹ́rin lòun ti ń gbé àwọn tó ń san ìdajì, pàápàá Ìmàdò tí ara rẹ̀ tó ti ẹni mẹ́ta. Erin béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ fi ẹsẹ̀ tí wọ́n nà sókè tọ́ka sí Òbúkọ.

Òbúkọ dìde, ó gbọn irùngbọ̀n. “Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ò dárúkọ iṣẹ́. Mo fẹ̀yìn tì. Bí ògiri ò bá gbà á, ẹ bi ẹni tó mọ ọ́n.”

Erin rẹ́rìn-ín títí omi odò fi ta sétí bèbè. Lẹ́yìn náà ló wá bi akọ̀wé pé báwo ni ìlú ṣe máa mọ afẹ̀yìntì tòótọ́. Lékèélékèé ò kúrò níbi tó dúró sí. Ó ní, “Kábíyèsí, mo ti rí ẹ̀rí. Orí rẹ̀ ni mo dúró lé.”

Erin súnmọ́ ọn. Ó wo ibi jíjìn yẹn. Ó rántí ìtẹ́ rẹ̀, ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọ̀lú, ó sì fi ọwọ́jà rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ béèrè ewé lọ́wọ́ àgbà mọ́. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn. Ní ti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìdajì rẹ̀ dúró títí láé.

“Ìwọ Òbúkọ,” ni Ọba wí, “o mọ ìfẹ̀yìntì ju gbogbo wa lọ.”

“Kábíyèsí, mo ń gbìyànjú.”

“Wọ́n máa mọ ògiri mìíràn nírọ̀lẹ́ yìí. Amọ̀ rẹ̀ á tutù, á máa fẹ́ ohun tó máa gbé e ró. Ìwọ ni. Fẹ̀yìn tì í. Bó bá gbẹ, ògiri kejì wà, ẹ̀kẹta wà, ìlú pọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni, bíi ti ìyá yìí.”

Òbúkọ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó rò ó. Ó ní, “Bí mo bá parí ọgbọ̀n ọdún, Kábíyèsí, ṣé ìdajì ni màá máa san?”

“Ìdajì ni.”

“Ṣé wọ́n máa fún mi ní ewé, bó jẹ́ fún ẹ̀yẹ nìkan?”

“Wọ́n á fún ọ.”

“Ṣé mo lè jẹ ẹ́?”

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló dá a lóhùn. “Má jẹ ẹ́. Kò dùn.”

Ẹ̀rín sọ. Òbúkọ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ náà, tí wọ́n mọ ògiri tuntun tán, tó gbé ẹ̀yìn lé e, tí ìwúwo amọ̀ tutù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i lára, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rìn lọ bá a. Ó fi hàn án bó ṣe máa fẹ ẹsẹ̀, bó ṣe máa jẹ́ kí ìwúwo náà wá sí itan kó má dúró lọ́rùn. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ ló le. Òbúkọ ní, “Ẹ ṣé, Ìyá.” Ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tẹnu rẹ̀ jáde láyé tí kò fi wá nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ san ṣírí márùn-ún rẹ̀, ó gun Ọ̀nì. Lékèélékèé dúró ní àárín ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti funfun padà. Ọ̀nì bi í léèrè pé ṣé kò ní san tirẹ̀ ni. Lékèélékèé ní òun ò rìnrìn àjò, òun ń ṣe àyẹ̀wò. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wo ẹ̀yìn Ìyá, ẹ̀yin ará odò,
*Fẹ̀yìn tì.*
Ó ru iyọ̀, ó ru ìtẹ́,
*Fẹ̀yìn tì.*
Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń lọ,
*Fẹ̀yìn tì.*
Ó ń lọ sọmọ lórúkọ,
*Fẹ̀yìn tì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fẹ̀yìn tì.*

Oyin ti wà lọ́wọ́ àna kí wọ́n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìka ti wọ àwo. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó gba ọmọ tuntun náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e lé ìyá àgbà láyà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi ẹnu kan ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó tẹ́jú, ó rọ̀, nǹkankan ò tíì jókòó síbẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yìndayọ̀ lorúkọ rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí Lékèélékèé lórí ẹ̀yìn ẹran ní pápá, ẹ má sọ pé ó ń gùn ún. Ó wà lẹ́nu àyẹ̀wò. Bẹ́ ẹ bá sì jí láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá òbúkọ tó fara ti ògiri ilé yín, tó ń nu ara, tó di ojú bí ẹni tí ayé yẹ, ẹ má lé e. Kò sinmi. Iṣẹ́ ọba ló ń ṣe. Ó kàn ń ka ọdún ni. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Ibi tí àlọ́ tèmi náà fẹ̀yìn tì nìyí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ògiri tí mo fara tì yìí yẹ̀. Kò yẹ̀. Ẹ dìde, ẹ gbé ẹní yín.